Egungun Tí Ó Ṣẹ́, àti Bí Ara Ti Ń Tún Un Dì

Ilé kò lè dúró láìsí opó, bẹ́ẹ̀ ni ara ènìyàn kò lè dúró láìsí egungun. Ṣùgbọ́n igi òkú ni opó ilé. Bí ó bá ṣẹ́, òmíràn ni a ó fi rọ́pò rẹ̀. Egungun kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wà láàyè, ẹ̀jẹ̀ ń sàn nínú rẹ̀, bí ó bá sì ṣẹ́, òun tìkára rẹ̀ a tún ara rẹ̀ dì. Ó yẹ kí gbogbo àgbẹ̀ mọ èyí, nítorí ìṣubú láti orí ọ̀pẹ kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa, pàápàá ní ìgbà òjò tí ara igi ń yọ̀.

Egungun 206 ni ó wà nínú ara àgbàlagbà. Èyí tí ó gùn jù lọ ni ti itan. Èyí tí ó kéré jù lọ wà nínú etí. Ọwọ́ kan, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, ní egungun 27. Ti ọmọ tuntun pọ̀ ju ti àgbà lọ, nítorí pé àwọn mìíràn nínú wọn kò tí ì so pọ̀.

Ibi tí egungun méjì ti pàdé ni à ń pè ní oríkèé. Ti ìgbọ̀nwọ́ ń ṣí, ó sì ń padé bí ilẹ̀kùn; ti èjìká àti ti ìbàdí ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ọmọ odó nínú odó. Kerekere ni ó bo orí àwọn egungun náà, omi tí ń yọ̀ sì wà láàárín wọn, kí wọn má ba à máa ha ara wọn.

Egungun kò lè dá rìn. Ẹran ara ni ń fà á, iṣan tí ó le bí okùn ni ó sì so ẹran náà mọ́ ọn. Ẹran ara lè fà, ṣùgbọ́n kò lè tì. Nítorí náà ni ti iwájú apá fi ń ká a wọlé, tí ti ẹ̀yìn sì ń nà án jáde. Bí egungun bá ṣẹ́, ẹran tí ó yí i ká kò dẹ́kun fífà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́ fi ń wọ́ tí ó sì ń kúrú, àti ìdí tí a fi ń fi igi dì í.

Níbi tí egungun ti ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ a kọ́kọ́ dì. Lẹ́yìn èyí, kerekere rírọ̀ a hù bo ojú ibẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì di egungun líle. Apá àgbàlagbà a máa gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ a máa gbà tó oṣù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ọmọdé a máa yá ju ìwọ̀nyí lọ.

Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé gbogbo ohun èlò iṣẹ́ yìí wá. Ẹ kíyè sí i pé ibi tí ó ṣẹ́ a máa wú ní ọjọ́ àkọ́kọ́ àti èkejì. Okùn tí ó dẹ̀ ní òwúrọ̀ lè fún pinpin ní alẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá ráyè kọjá, láàárín nǹkan bí wákàtí 6 ẹran ara a bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Lẹ́yìn náà yóò jẹrà, kò sì ní sí ọ̀nà mìíràn fún dókítà ju kí ó gé e lọ. Apá púpọ̀ ni a ti gé ní ilẹ̀ wa tí kì í ṣe ìṣẹ́ ni ó bà á jẹ́, bí kò ṣe okùn.

Nítorí náà, ẹ ṣe báyìí:

Ẹ fi òwú tàbí aṣọ rírọ̀ tẹ́ inú igi pẹlẹbẹ. Kí igi náà gùn kọjá oríkèé òkè àti ti ìsàlẹ̀ ibi tí ó ṣẹ́. Ẹ fi ọ̀já fífẹ̀ dì í, kì í ṣe okùn tín-ín-rín. Ẹ bọ́ òrùka, kí ẹ sì jẹ́ kí ìka hàn síta.

Ẹ máa wo ìka náà tọ̀sán-tòru. Bí ó bá tutù, tí ó ṣì di funfun tàbí dúdú, bí ó bá kú tipiri, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i nígbà tí a bá nà án, ẹ tú ọ̀já náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì.

Awọ ara ni odi tí ń dá kòkòrò àrùn dúró. Bí egungun bá gún un jáde, ẹ má ṣe tì í padà, ẹ má sì fi ewé tàbí ẹrùpẹ̀ sí i. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ yára gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí a lè fún un ní abẹ́rẹ́ tí ń dènà àrùn ipá.

Bí ẹni tí ó ṣubú bá ń kérora ẹ̀yìn tàbí ọrùn, ẹ má ṣe gbé e jókòó. Orí pákó ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí.

Ní ìkẹyìn, bí aláìsàn bá ń kígbe pé ọ̀já náà ń dun òun, ẹ má ṣe pè é ní ojo. Ẹ gbà á gbọ́, kí ẹ sì tú u.