Àpótí sípíkà: iṣẹ́ káfíńtà ló ń gbé ohùn ró

Ní Vicenza, tí kò jìnnà sí Padua níbi tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ wà, ni Franco Serblin ti dá ilé-iṣẹ́ Sonus faber sílẹ̀ lọ́dún 1983. Lọ́dún 1993, ó gbé sípíkà onípákó kan jáde, Guarneri Homage, tó fi yẹ́ ìdílé Guarneri sí, àwọn tó ń ṣe fáólìn ní Cremona.

Kí ni àpótí ń ṣe? Bí ojú sípíkà bá ti afẹ́fẹ́ síwájú, ńṣe ló ń fà á lẹ́yìn. Láìsí àpótí, méjèèjì á pàdé, báàsì á sì pòórá. Nítorí náà, wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù dí oríkèé pákó pa, wọ́n sì ń fi igi ti inú rẹ̀ kó má gbọ̀n.

Igi ìlù wa máa ń bá awọ dún. Pákó àpótí gbọ́dọ̀ dákẹ́. Káfíńtà ilé tó bá mọ èyí, tó sì mọ ìwọ̀n, lè kan tirẹ̀.