Ìmọ́tótó Ọmọ Kò Tán Síbi Bùútà

Ẹ̀yin òbí wa, ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni a ti máa ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ ìdí lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀. A ó bu omi sínú bùútà, a ó ní ọwọ́ òsì ni kó lò, a ó sì fi hàn án bí omi yóò ṣe dé ibi gbogbo. Kò sí ìyá kan ní Tube tí ojú ń tì láti kọ́ ọmọ rẹ̀ ní istinjaa. Ibi bùútà yìí gan-an ni ààbò ọmọ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọmọdé ṣe ìṣekúṣe ti ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń dá ẹ̀kọ́ náà dúró lágbede méjì.

Bí ọmọ ṣe ń fọ ara rẹ̀, ó yẹ kó mọ orúkọ ohun tó ń fọ̀. Ilé kan ń pè é ní ẹyẹ, ilé kejì ń pè é ní àkàrà. Bí ọmọ bá wá sọ fún tíṣà pé bùọ̀dá kan ń fọwọ́ kan ẹyẹ òun, tíṣà á rò pé ẹyẹlé ni. Ẹ pe ojú ara ní ojú ara, ẹ pe ti ọmọkùnrin ní okó, ẹ pe ìdí ní ìdí àti ọyàn ní ọyàn. Kì í ṣe ìsọkúsọ. Àwọn Àáfà wa ń dárúkọ wọn bí wọ́n bá ń kọ́ni ní ìwẹ̀ jánábà. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún un pé: "Ìwọ lo ni ín. Bó bá ń dùn ọ́, èmi tàbí nọ́ọ̀sì lè wò ó, èmi á sì dúró tì ọ́. Ẹlòmíràn tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, tàbí tó ní kí o fọwọ́ kan tòun, pariwo, sá, kí o wá sọ fún mi. Bó bá ní o kò gbọdọ̀ sọ, ìyẹn gan-an ni kí o kọ́kọ́ sọ."

Ẹ̀sìn wa kò fi èyí sílẹ̀. Súrà Núúrù, ayah 58, ní kí àwọn ọmọ tí kò tíì bàlágà máa tọrọ àyè kí wọ́n tó wọlé bá àgbà nígbà mẹ́ta lójúmọ́: ṣáájú ìrun àsùbáà, lọ́sàn-án nígbà tí a bá bọ́ aṣọ, àti lẹ́yìn ìrun ìṣái. Ọmọ tí a bá ń kọ́ pé ara àgbà ní ọ̀wọ̀, tara rẹ̀ náà ní. Hàdíìsì sì ní ká ya ibùsùn ọmọ sọ́tọ̀ bí wọ́n bá pé ọdún mẹ́wàá. Síbẹ̀, bí àlejò bá dé nígbà Iléyá, orí ẹní àwọn ọmọ la ń tẹ́ bùọ̀dá tó ti Èkó wá sí.

Ní 2014, àjọ tó ń ka ènìyàn ní Nàìjíríà, pẹ̀lú UNICEF, ṣe ìwádìí lórí ìyà tí à ń fi jẹ ọmọdé. Nínú àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 18 sí 24 tí wọ́n bi léèrè, ọmọbìnrin 1 nínú 4 àti ọmọkùnrin 1 nínú 10 ló ní ẹnìkan ti fi òun ṣe ìṣekúṣe kí òun tó pé ọdún 18. Ẹ ṣàkíyèsí àwọn ọmọkùnrin náà. Nínú àwọn ọmọbìnrin yẹn, nǹkan bíi 5 nínú 100 ló wá ìrànlọ́wọ́. Àwa ará ẹnubodè ń bẹ̀rù gbọ́mọgbọ́mọ àti onífàyàwọ́ tí a kò mọ̀ rí, ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ mọ̀ tó sì ń kí "ẹ káàárọ̀" ló sábà máa ń ṣe é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nìyí. Ọmọ á sọ̀rọ̀, mọ̀lẹ́bí á pàdé, wọ́n á ní Àlàájì ló ń ran àdúgbò lọ́wọ́, àti pé Mùsùlùmí gbọ́dọ̀ bo àṣírí ọmọnìkejì rẹ̀. Wọ́n á gba owó díẹ̀, wọ́n á fi ọmọ ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, ọkùnrin náà á sì wà ní sáàfù àkọ́kọ́ ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀lé e. Àṣírí tí ẹ̀sìn ní ká bò ni ti ẹni tó ṣẹ̀ láàárín òun àti Olúwa rẹ̀. Ẹni tó ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ ti jẹ gbèsè ẹlòmíràn, a kò sì lè bá ọmọ náà dárí gbèsè rẹ̀ jì. Súrà Nísáù, ayah 135, pàṣẹ pé ká dúró lórí òdodo bó tilẹ̀ kan òbí àti ìbátan wa. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ di tirẹ̀ ní 2006, kò gba àwíjàre pé ọmọ náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin 2003 là sílẹ̀ fún ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀.

Ẹlòmíràn á ní ọmọdé máa ń purọ́. Lóòótọ́ ni, lórí ẹran inú ìkòkò. Ọmọ ọdún márùn-ún kì í ṣàdéédé mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi hàn án. A kò ní kí ẹ lu ẹnikẹ́ni tàbí kí ẹ dá a lẹ́jọ́ nínú pálọ̀. Ẹ gba ọmọ gbọ́, kí àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wádìí máa wádìí.

Ní October 2019, ilé-ẹjọ́ kan ní Ìkẹjà rán alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan lọ sẹ́wọ̀n 60 ọdún nítorí ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ilé-ẹ̀kọ́ olówó gọbọi ni, kì í ṣe ti ẹsẹ̀ ọ̀nà, nítorí náà ẹ má ṣe fi owó iléèwé díwọ̀n ààbò. Ẹ wo ilẹ̀kùn. Ṣé àwọn ènìyàn tó wà níta lè rí inú ọ́fíìsì àti kíláàsì? Ṣé ṣáláńgá ọmọbìnrin yàtọ̀, ṣé ó sì ní ìkọ́ láti inú? Ta ló ń dúró ti ọmọ tí òbí rẹ̀ pẹ́? Ìbéèrè kan náà la ní fún àwọn ilé-kéwú wa, ní pàtàkì èyí tí ọmọ ń sùn sí: kí ẹnikẹ́ni má ṣe rán ọmọ kan ṣoṣo lọ sínú yàrá Ustaadh, kí àwọn àgbà ọmọ kéwú má sì máa wẹ̀ fún kékeré. Àáfà rere kò ní bínú sí èyí. Ẹni tó bá bínú, ẹ tún ìbéèrè bi í.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ìyá máa ń ṣe ni kó gbé omi gbígbóná kaná, kó wẹ ọmọ, kó fọ pátá rẹ̀. Àánú ni, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é. Ohun tí dókítà yóò fi mọ òtítọ́ ni omi náà yóò ṣàn lọ. Ẹ fi bébà di aṣọ náà, kì í ṣe ọ̀rá, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba, irú èyí tó wà ní Ìlaròó, lọ́jọ́ náà. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Fún ọmọbìnrin tó ti ń ṣe nǹkan oṣù, oògùn tó ń dènà oyún wà títí di wákàtí 120. Bí ọmọ bá kàn ń sunkún nígbà tó ń fọ ìdí, tàbí tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, ó lè jẹ́ àìsàn mìíràn. Ẹ gbé e lọ bákan náà, ẹ má nà án kó lè jẹ́wọ́.

Ọlọ́pàá ló kàn. Fún àwa tí ààlà wà lẹ́yìnkùlé wa, kò sí àyè fún ìpàdé ìdílé tí a sún di ọjọ́ Àìkú: ẹni tó bá gbọ́ ọ á gun ọ̀kadà kọjá sí Ìgòlò kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí àgọ́ tó sún mọ́ yín bá ní kí ẹ lọ yanjú rẹ̀ nílé, ẹ béèrè fún ẹ̀ka tó ń rí sí gbígbé ènìyàn ṣòwò àti fífi ọmọdé ṣiṣẹ́, ní Ẹlẹ́wéẹran ní Abẹ́òkúta, tàbí kí ẹ pe NAPTIP lórí 627.

Ó ku àwọn ọmọ tí a fi ránṣẹ́ lọ gbé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ní Èkó tàbí Kùtọnu, àwọn tí ará Benin ń pè ní vidomègon. Bí ẹ bá pè wọ́n, ẹ ní kí ẹni tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ gbé fóònù fún wọn kó sì bọ́ síta. Bí kò bá fẹ́ jáde, tí ẹ sì gbọ́ Ègùn nílé yín, Ègùn ni kí ẹ fi bi ọmọ náà léèrè.