Kí ẹṣin tó ṣàìsàn: abẹ́rẹ́ dókítà ẹranko àti àgbo olùtọ́jú ẹṣin, èwo ni ká mú?

Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé báyìí, ọ̀rọ̀ ẹṣin máa ń pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ìdílé Balógun á ti máa wá ẹṣin tí wọ́n máa gùn lọ sí Ojúde Ọba. Ní Ìlọrin, àwọn tó fẹ́ jáde nínú Dọ́bà á ti máa tún gàárì ṣe. Lọ́dún 2024, nígbà tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin gba orí ìkànnì kan, a sọ̀rọ̀ aṣọ, a sọ̀rọ̀ ìgò ojú, a sọ̀rọ̀ sìgá. Ẹṣin tó gbé e ńkọ́? Èmi ò rí ẹni tó bèèrè pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí ni àríyànjiyàn kan tí mo ti gbọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Apá kan á ní àwọn ọmọ Hausa àti Fúlàní tó ń bá wọn tọ́jú ẹṣin ti mọ gbogbo ẹ̀, pé èèpo igi àti kaun ti tó. Apá kejì á ní ayé àgbo ti lọ, dókítà ẹranko nìkan ló kù. Lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ wà kọ́ ni wọ́n ti ń jà. Ìgbà tí ẹṣin bá ti wó lulẹ̀ tán ni wọ́n máa ń jiyàn lórí ẹni tó máa wò ó. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tó ń pa ẹṣin nílẹ̀ wa ló jẹ́ pé a lè dí ọ̀nà mọ́ ọn kó tó dé. Tó bá dé tán, àgbo lè má ràn án, abẹ́rẹ́ náà sì lè má ràn án. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilé ẹṣin

Ẹ jẹ́ ká rántí ìtàn. Agbára Ọ̀yọ́ Ilé láyé ọjọ́un, orí ẹṣin ló pọ̀ sí, apá òkè ọ̀hún ni wọ́n sì ti ń ra púpọ̀ nínú àwọn ẹṣin náà. Àmọ́ bí ẹṣin bá ti wọ igbó kìjikìji, kì í pẹ́ níbẹ̀. Eṣinṣin tsetse wà lára àwọn ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù. Ohun tí eṣinṣin yìí ń gbé wọ inú ẹ̀jẹ̀, mọ̀lẹ́bí èyí tó ń fa àìsàn oorun fún èèyàn ni. Ẹṣin tó bá kó o, ibà á máa mú un, á tún máa fi í sílẹ̀. Á rù, èrìgì rẹ̀ á funfun, abẹ́ ikùn rẹ̀ á wú.

Nítorí náà, ẹṣin tí wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé láti Kano tàbí Katsina wá sí Ìjẹ̀bú, ilẹ̀ àjèjì ló dé. Ọ̀rinrin pọ̀ níbẹ̀, kòkòrò pọ̀, koríko ibẹ̀ kọ́ ni ikùn rẹ̀ mọ̀. Kò yẹ kó dé lónìí, kí wọ́n gùn ún lọ́la. Ó sì yẹ kí ẹṣin tuntun dá wà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó dà á pọ̀ mọ́ àwọn tó wà nílé.

Àwọn ohun tó ń pa á

Àkọ́kọ́ ni àìsàn tí wọ́n ń pè ní African horse sickness. Kòkòrò kan tó kéré gan-an ju ẹ̀fọn lọ ló ń gbé e kiri, láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́jú ló sì máa ń jẹ jù. Èyí tó bá ki mọ́ ẹ̀dọ̀fóró nínú àìsàn náà lè pa ju 90 lọ nínú 100 ẹṣin tó bá mú. Fóòmù á máa yọ nímú wọn. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Nígbà tó wọ Thailand lọ́dún 2020, ẹṣin tó kú níbẹ̀ lé ní 500. Àjẹsára wà fún un, àmọ́ oríṣi mẹ́sàn-án ni àìsàn náà, dókítà ló máa sọ èyí tó bá àdúgbò mu. Èyí tí gbogbo wa lè ṣe ni pé kí ẹṣin wọlé kí oòrùn tó wọ̀, kí nẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ kéré wà lójú fèrèsé.

Èkejì ni tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹṣin wà lára àwọn ẹran tó tètè máa ń kó o jù. Ìṣó kan ṣoṣo tó gún pátákò ẹsẹ̀ ti tó. Ara á le gbagidi, ẹnu ò ní ṣe é là mọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára méjì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà sí ara wọn, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ ọdún kó tó pe dókítà ti pẹ́ jù.

Ẹ̀kẹta ni inú rírun. Ọlọ́run ò dá ẹṣin pé kó máa bì. Ohun tó bá ti gbé mì, ìsàlẹ̀ nìkan ló lè gbà jáde. Bí oúnjẹ bá yí padà lójijì, tí omi ò tó, tí aràn pọ̀ nínú ìfun, ikùn á di. Ẹ ó rí i tó ń wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, tó ń ta ẹsẹ̀ sí ikùn, tó ń yí nílẹ̀. Koríko ni oúnjẹ ẹṣin, kì í ṣe ọkà bàbà àti èèrí nìkan. Ẹṣin tó wọn kílò 300 nílò bíi kílò 4.5 sí 6 koríko gbígbẹ lójúmọ́. Lọ́jọ́ tó bá ṣiṣẹ́ nínú oòrùn, lítà 30 omi lè má tó o.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù: ẹ má fi oúnjẹ adìẹ bọ́ ẹṣin. Wọ́n máa ń po oògùn kan tó ń jẹ́ monensin mọ́ àwọn oúnjẹ adìẹ àti ti màlúù kan. Kò ṣe adìẹ ní nǹkan kan, àmọ́ díẹ̀ bíńtín nínú rẹ̀ ń ba iṣan ọkàn ẹṣin jẹ́, kò sì ní aporó. Bákan náà ni oògùn eégbọn tó ń jẹ́ amitraz, tí wọ́n fi ń wẹ màlúù àti ajá: ó lè dá ìfun ẹṣin dúró. Ohun tó dáa fún màlúù, ẹ má rò pé ó dáa fún ẹṣin.

Ibi tí ọgbọ́n ìbílẹ̀ ti wúlò

Ká má parọ́, àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin mọ nǹkan. Èéfín tí àwọn Fúlàní máa ń dá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran wọn nírọ̀lẹ́ ń lé kòkòrò lóòótọ́. Ẹ ṣáà má dá a sínú ilé tí afẹ́fẹ́ ò ráàyè wọ̀, torí ẹ̀dọ̀fóró ẹṣin ò fẹ́ èéfín. Dóńgóyárò náà ń lé kòkòrò. Òrí dáa fún awọ tó gbẹ tó sán, bí wọ́n bá ti fi omi iyọ̀ fọ ibẹ̀ mọ́.

Èèpo ọ̀gánwó tí wọ́n ń sè fún aràn ńkọ́? Ìṣòro rẹ̀ ni pé agbára inú igi kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, kò sì sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n tó kù síkùn. Àmọ́ oògùn aràn òyìnbó náà, bí a bá ń lò ó láìnídìí, aràn á mọ̀ ọ́n lára, kò ní kú mọ́. Ohun tó dáa jù ni kí wọ́n fi ìgbẹ́ ẹṣin sábẹ́ ẹ̀rọ kí wọ́n ka ẹyin aràn, kí wọ́n tó mọ ẹni tó yẹ kó lo oògùn. Irin gbígbóná tí àwọn kan fi ń jó ẹsẹ̀ ẹṣin tó ń tiro, ẹ jọ̀ọ́, ká fi í sílẹ̀. Ìyà lásán ni.

Àwọn òyìnbó gan-an ò kó gbogbo ti àtijọ́ dànù. Láti 1974 ni àwọn dókítà ẹranko kan ti dá ẹgbẹ́ àgbáyé sílẹ̀ lórí ọgbọ́n àwọn ará Ṣáínà, ìyẹn gígún abẹ́rẹ́ tín-ín-rín sí ara ẹran. Àmọ́ dókítà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ yẹ ẹṣin wò láti mọ ohun tó ń ṣe é, kó tó sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tàbí ewé. Bó ṣe yẹ kí àwa náà máa ṣe é nìyẹn.

Ta ló ń ṣe kí ni?

Dókítà lè wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún. Olùtọ́jú ẹṣin ló ń sùn tì í. Òun ló máa kọ́kọ́ mọ̀ pé ó fi koríko sílẹ̀ láàárọ̀, tàbí pé kò yàgbẹ́ lánàá. Nítorí náà, ẹ ra tẹmómítà fún un, kẹ́ ẹ sì kọ́ ọ ní nǹkan wọ̀nyí. Ara ẹṣin tó dá ṣáṣá, tó ń sinmi, kì í gbóná ju 38.3 lọ. Ọkàn rẹ̀ ń lù bí ìgbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ń mí bí ìgbà 8 sí 16. Ẹ tẹ èrìgì rẹ̀, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀: kó tó ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ, ó yẹ kó ti pọ́n padà. Èyí tó bá yàtọ̀ sí èyí, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ti dókítà, iṣẹ́ tiẹ̀ ni àjẹsára, yíyẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àti eyín. Eyín ẹṣin ò yé yọ títí yóò fi darúgbó. Etí rẹ̀ á mú, á máa gé e ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò sì ní lè jẹun kánú. Ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Pátákò ẹsẹ̀ náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni kí wọ́n máa gé e. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ yìí ò jìnnà sí wa: Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka rẹ̀, Yunifásítì Ìlọrin ní i, FUNAAB l'Ábẹ́òkúta náà ní i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń háyà ẹṣin fún ọjọ́ kan péré ńkọ́? Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tú gàárì, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá egbò wà níbẹ̀. Ẹ wo èrìgì, ẹ gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ bèèrè káàdì àjẹsára. Ẹṣin tó rẹ̀ tó wó láàárín èrò àti ìró ìbọn, ẹni tó gùn ún àti ọmọ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló máa fara gbá a. Kí àwọn ẹgbẹ́ àti ìdílé wa tó pín owó aṣọ tọdún yìí, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ti dókítà ẹranko sọ́tọ̀.