Owó Ọmọ ní Ìlú Ọba: Ẹ Wo Físà Yín Kí Ẹ Tó Béèrè

Bí wọ́n bá ti sọmọ lórúkọ tán ní Ìlú Ọba, ẹnìkan á ní kí òbí lọ gba Child Benefit, owó ọmọ tí ìjọba ń san. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Nàìjíríà wá, ẹ dúró ná. Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò fàyè gba owó yìí. Bí ẹ tilẹ̀ bí ọmọ náà sí Lọ́ńdọ̀nù, ìwé òbí tó ń béèrè ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá gbà á láìtọ́ lè dá a padà, físà rẹ̀ sì lè bá a lọ. Ṣùgbọ́n bí ọkọ tàbí aya yín bá ti ní ìwé ìgbélùú títí lọ, òun ni kó béèrè. Kó má fi falẹ̀ o: owó oṣù 3 tó ti kọjá nìkan ni wọ́n ń san fún ẹni tó bá pẹ́.