Ilé-Ìwé Orí Òkè Tí Kò Ya Àwọ̀ Sọ́tọ̀

Ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń ti inú èrè ọjà san owó ilé-ìwé ọmọ, ẹ gbọ́ ìtàn ilé-ìwé kan. Ní orí òkè kan lẹ́bàá Mbabane, ní orílẹ̀-èdè Eswatini tí a ń pè ní Swaziland títí di 2018, ni Waterford Kamhlaba wà. Inú ọgbà ni àwọn ọmọ ń gbé, oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ni wọ́n sì ti wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìwé kíkà nìkan ni a ṣe dá a sílẹ̀.

Ní 1953, ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun ní Gúúsù Áfíríkà ṣe òfin kan lórí ẹ̀kọ́ ọmọ dúdú. Wọ́n dín ẹ̀kọ́ náà kù sí ìwọ̀n tí yóò fi lè ṣe iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ àti lébìrà. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé àwọn míṣọ́nárì ni ó ti ilẹ̀kùn. Ọmọ funfun àti ọmọ dúdú kò gbọdọ̀ jókòó nínú kíláàsì kan náà.

Ọ̀gbẹ́ni Michael Stern, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣe ọ̀gá ilé-ìwé ní Johannesburg, kò lè fara mọ́ èyí. Nígbà tí òfin dí i lọ́nà níbẹ̀, ó sọdá ààlà. Ní 1963 ó ṣí Waterford pẹ̀lú ọmọkùnrin 16 péré, dúdú àti funfun pọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí àyè fún àwọn obìnrin.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní 1967, Ọba Sobhuza Kejì fún ilé-ìwé náà ní orúkọ Kamhlaba, èyíinì ni pé ilẹ̀ ayé kan náà ni ó ni gbogbo wa, láìsí ìyàtọ̀.

Nígbà tí Nelson Mandela wà lẹ́wọ̀n ní erékùṣù Robben, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin, Zenani àti Zindzi, ti kàwé. Desmond Tutu náà rán àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ. Ẹ rò ó wò: ọmọ tí àwọn aláwọ̀ funfun ti baba rẹ̀ mọ́lé ń bá ọmọ aláwọ̀ funfun gbé inú ọgbà kan náà!

Bí Wọ́n Ti Ń Kẹ́kọ̀ọ́

Ní 1981, Waterford wọ ẹgbẹ́ United World Colleges. Ní Wales ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962, láti ọwọ́ Kurt Hahn, olùkọ́ ọmọ Jámánì tí ìjọba Hitler tì mọ́lé ní 1933. Ní ọdún méjì tí ó kẹ́yìn, ọmọ kọ̀ọ̀kan ń kọ́ iṣẹ́ mẹ́fà. Yóò kọ àròkọ ìwádìí tí kò ju ọ̀rọ̀ 4,000 lọ, yóò sì ṣe iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún ará ìlú. Bí ọmọ gba gbogbo máàkì, tí kò sì ṣe iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ yìí, kò ní gba ìwé-ẹ̀rí.

Owó ibẹ̀ kò kéré o. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ náà fi ń wá owó ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ tí apá òbí rẹ̀ kò ká a. Ìgbìmọ̀ wà ní orílẹ̀-èdè tí ó ju 150 lọ tí ń yan àwọn ọmọ tí ó yẹ.

Ní 1994, gbogbo ọmọ Gúúsù Áfíríkà dìbò pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, òfin ìyàsọ́tọ̀ sì di ohun àtijọ́. Ẹlòmíràn lè wá béèrè pé kí ni ilé-ìwé náà tún wà fún? Ìdáhùn kò le. A lè fi ọjọ́ kan pa òfin rẹ́, ṣùgbọ́n ìkórìíra tí ó ti wọ ọkàn kì í tètè jáde. Ibi tí ọmọdé ti ń jẹun, tí wọ́n ti ń sùn, tí wọ́n ti ń jà tí wọ́n sì ń parí ìjà, ibẹ̀ ni a ti ń wo àrùn náà sàn.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀kọ́ yìí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Bí ẹ bá ń pín àwọn ọmọ sí ìjókòó àti sí yàrá, ẹ má ṣe kó ọmọ ìlú kan jọ sí ojú kan. Ẹni tí a bá gbé ni à ń mọ̀.