Hẹ́dà: Ọ̀nà Tí Èéfín Ọkọ̀ Ń Gbà Jáde

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ó dájú pé ẹ ti rí irú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan rí tí yóò kọjá lójú títì, tí ilẹ̀kùn àti fèrèsé yóò sì máa gbọ̀n. Ó lè jẹ́ Ford Mustang tòkunbọ̀, irú ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1964, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní sìlíńdà mẹ́jọ. Ó sì lè jẹ́ Peugeot 504 àtijọ́, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, tí ẹni tí ó ni ín ti gé sáléńsà rẹ̀ dànù. Àwọn ọ̀dọ́ a ní, "Ọkọ̀ yìí mà lágbára o!" Ariwo lọ̀tọ̀, agbára lọ̀tọ̀. Ohun tí ó lè fi agbára díẹ̀ kún ti ẹ́ńjìnnì ni kí èéfín rí ọ̀nà tí ó tọ́ gbà jáde, iṣẹ́ yìí ni àwọn páìpù tí a ń pè ní hẹ́dà wà fún.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo inú ẹ́ńjìnnì. Nínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, písítínì a fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, a fún un pọ̀, iná a ràn án, lẹ́yìn èyí písítínì a ti èéfín jáde. Ẹ́ńjìnnì yóò yí lẹ́ẹ̀méjì kí gbogbo èyí tó parí. Nítorí náà, bí ó bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, sìlíńdà kan ṣoṣo yóò tú èéfín ní ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ ṣírò rẹ̀ wò.

Irin dídà kúkúrú tí à ń pè ní mánífóòdù ni ó ń gba èéfín yìí lẹ́nu ẹ́ńjìnnì. Kò wọ́n, kì í sì í tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ó dà bí ilé tí yàrá mẹ́rin ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan: bí gbogbo ará ilé bá sáré jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò máa kọlu ara wọn. Hẹ́dà fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ní páìpù tirẹ̀, wọn kì í sì í pàdé àyàfi níwájú.

Èyí nìkan kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ojú irin dé ìlú wa Ọ̀fà ní 1908, nígbà tí wọ́n ń nà án láti Òṣogbo lọ sí Ìlọrin, àwọn àgbà sì mọ ohùn ọkọ̀ eléèédú ìgbà náà, fàkàfìkì, fàkàfìkì. Ooru omi tí ó ti ṣiṣẹ́ tán nínú sìlíńdà ni wọ́n darí gba inú ihò èéfín jáde. Bí ó ti ń tú jáde pẹ̀lú ipá, ó ń fa èéfín èédú tẹ̀lé ara rẹ̀, afẹ́fẹ́ tuntun sì ń wọlé sínú iná. Bí ọkọ̀ bá ti ń tiraka gun òkè tó, bẹ́ẹ̀ ni iná rẹ̀ ń ràn tó, láìsí ẹni tí ń fẹ́ ẹwìrì. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú hẹ́dà. Èéfín tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde a máa fa èyí tí ó kù lẹ́yìn, yóò sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ àti epo tuntun rí ààyè wọlé.

Nítorí náà, páìpù tí ó fẹ̀ jù kọ́ ni ó dára jù. Ẹ wo odò Ọ̀yun: níbi tí ó bá ti fẹ̀, omi a rọra, níbi tí ó bá ti há, omi a sáré. Páìpù tí ó fẹ̀ ju bí ó ti yẹ yóò mú kí èéfín rọra, ìfà náà yóò sì sọnù nígbà tí ọkọ̀ kò bá sáré púpọ̀. Fún ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin tí iná rẹ̀ ń ràn ní ìtẹ̀léra 1, 3, 4, 2, bí irú ti Peugeot 504, hẹ́dà tí páìpù 1 àti 4 ti kọ́kọ́ pàdé, tí 2 àti 3 sì pàdé, kí gbogbo rẹ̀ tó di ọ̀kan, dára fún ìrìn ojoojúmọ́. Hẹ́dà gígùn ń fà dáradára, ṣùgbọ́n ó ń sún mọ́ ilẹ̀ jù. Lójú tèmi, ẹni tí ń gba ọ̀nà tí ó ní kòtò kọjá, kí ó yan kúkúrú. Kí ẹ sì rí i pé pẹlẹbẹ irin tí a fi ń dì í mọ́ ẹ́ńjìnnì nípọn. Èyí tí ó bá fẹ́lẹ́ yóò ká kò nínú ooru.

Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ti òde òní, ẹ wò ó bóyá ihò wà lára hẹ́dà náà fún ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn ọ́síjìnì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín yọ katalíìsì tà. Nítorí pílátínọ́ọ̀mù àti irú irin olówó iyebíye bẹ́ẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kiri rà á, ṣùgbọ́n òun ni ó ń sọ èéfín olóró di èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí bíréèkì rẹ̀ kò mú dáadáa, tí táyà rẹ̀ sì ti jẹ, kí ó fi owó hẹ́dà tún ìwọ̀nyẹn ṣe ná.

Ní ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí a sì tú bátìrì. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Àwọn bóòtù àtijọ́ a máa dípẹtà. Ẹ ta epo tí ń tú ìpẹtà sí wọn lára láti alẹ́ àná, kí wọ́n má baà ṣẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ ha ojú irin mọ́ tónítóní, kí ẹ lo gáskẹ́ẹ̀tì tuntun. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí gbogbo bóòtù wọlé, kí ẹ tó fi sípánà dì í láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Páìpù hẹ́dà a máa gbóná gan-an, nítorí náà kí wáyà púlọ́ọ̀gì àti páìpù bíréèkì jìnnà sí i.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti tan ọkọ̀ wò. Bí ẹ bá gbọ́ tì-tì-tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, èéfín ń yọ́ jáde níbẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Gáàsì tí ń jẹ́ kábọ́ònù mònọ́sáìdì wà nínú rẹ̀, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó máa gbé ọ́síjìnì kiri a máa di gáàsì yìí mú ní ìlọ́po tí ó lé ní 200 ju bí ó ti ń di ọ́síjìnì mú lọ. Orí yóò kọ́kọ́ máa fọ́ni, òòyì yóò máa kọ́ni, èébì yóò máa gbéni, ẹlòmíràn yóò rò pé ibà ni. Bí irú èyí bá ṣe yín nínú ọkọ̀, ẹ dúró, ẹ bọ́ sí afẹ́fẹ́, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn, pàápàá tí ó bá ń ṣe gbogbo àwọn tí ẹ jọ wà nínú rẹ̀ bákan náà.

Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù pátápátá, ẹ tún dì gbogbo bóòtù lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ooru a máa dẹ̀ wọ́n. Kí ẹ tún tan ọkọ̀, kí ẹ sì tẹ́tí sí i bóyá tì-tì-tì náà ti dákẹ́.