Atúmọ̀-Èdè Inú Kọ̀ǹpútà Ẹni àti Èyí tí Ó Wà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Láti ìgbà tí Àjàyí Crowther, Àjàyí ògídí olú, ọmọ Òṣogùn, ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843 ni ó ti hàn gbangba sí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi èdè yìí ṣiṣẹ́ pé abéèrè kì í ṣìnà. Lóde òní, ẹ̀rọ ni à ń bi, ọ̀nà méjì ni ó sì ń gbà dáhùn: yálà kí gbogbo ìwé atúmọ̀-èdè náà wà nínú kọ̀ǹpútà ẹni, tàbí kí ó rán ìbéèrè wa lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn tí ó wà lọ́nà jíjìn.

Ẹ jẹ́ kí a wo StarDict, ètò atúmọ̀-èdè kan tí í ṣe ti inú kọ̀ǹpútà. Fáìlì mẹ́ta ni ìwé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní: ọ̀kan ń sọ orúkọ ìwé àti iye ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, èkejì ni atọ́ka, níbi tí a ti to gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tí a sì kọ ibi tí ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ti gùn tó, ẹ̀kẹta ni àwọn ìtumọ̀ náà fúnra wọn. Bí a bá tẹ ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rọ kì í ka atọ́ka láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àárín ni ó ń ṣí, bí ọmọ iléèwé tí ó la ìwé ńlá sí méjì, tí ó rí i pé iwájú ni ohun tí òun ń wá wà, tí ó pa ìdajì ẹ̀yìn tì, tí ó sì tún la ìdajì tí ó kù. Bí ọ̀rọ̀ inú ìwé tilẹ̀ tó 100,000, kò ní là á ju ìgbà 17 lọ kí ó tó débẹ̀.

Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìlànà tirẹ̀. Ní 1997 ni a kọ ìlànà DICT sílẹ̀, tí ẹ̀rọ wa ń gba ẹnu ọ̀nà (port) 2628 bá kọ̀ǹpútà tí ó ń dáhùn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tuntun máa ń tètè dé ibẹ̀, ìyẹn kò ṣeé jiyàn. Ṣùgbọ́n bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ìdáhùn lọ nìyẹn. Ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà náà sì lè kọ gbogbo ohun tí a bá béèrè sílẹ̀. Tẹni ni tẹni, àkísà ni ti ààtàn: ní tèmi, ti inú kọ̀ǹpútà ni mo kọ́kọ́ gbà níyànjú.

Ohun tí ó tún mú mi fara mọ́ ọn ni àmì orí ọ̀rọ̀ wa. Nínú Unicode, ètò tí ẹ̀rọ fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, àkópọ̀ ni. Ẹnì kan lè tẹ ẹ kí ó tó fi àmì lé e lórí, ẹlòmíràn a tẹ é kí ó tó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni, lójú ẹ̀rọ tí a kò kọ́ láti sọ wọ́n di ọ̀kan, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, yóò sì ní kò sí ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kedere. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀bẹ̀ ni a óò máa bẹ onílé; bí ó bá jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ẹni, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà lè sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú fáìlì di irú kan náà, kí ó sì tún atọ́ka tò.